Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, Ẹmu àti Bíà Àfọwọ́pọn: Kí Ló Kù fún Wa Lẹ́yìn Ọtí Inú Kéèsì?

Láti Fìdítì dé Jọbẹlẹ, láti Jọbẹlẹ dé Ìlọrà, ilé ọtí kò wọ́n lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹ yà sí èyí tó bá wù yín, kí ẹ ní kí ìyá tó ń tajà ka ohun tó wà nínú fíríìjì rẹ̀ fún yín: Star, Gulder, 33, Goldberg, Heineken, Trophy, Hero, Guinness. Orúkọ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pọn wọ́n kò ju mẹ́ta lọ. Nigerian Breweries ló ni márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo kà yẹn. International Breweries ló ni Trophy àti Hero. Guinness Nigeria ló ni ìkẹyìn, òun náà sì ti kúrò lábẹ́ Diageo ti Lọ́ńdọ̀nù bọ́ sọ́wọ́ Tolaram, ilé-iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Singapore, nínú àdéhùn tí wọ́n kéde ní 2024. Ẹni tó bá rò pé inú ọtí mẹ́jọ lòun ti ń ṣà, ìkòkò mẹ́ta péré ló ń bù mu. Bí a bá sì yọ Guinness kúrò, oríṣi kan náà ni gbogbo wọn: bíà aláwọ̀ wúrà tí adùn ọ̀kan kò jìnnà sí ti èkejì, tó sì gbọ́dọ̀ tutù nini kó tó ṣe é mu.

Ǹjẹ́ ọtí mìíràn wà tó yẹ kí ẹni tó mọ adùn ọtí mọ̀? Níbo ló wà, ta ló ń pọn ọ́n, kí ló sì dé tí a kò fi rí i mọ́? Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, n ó sì sọ ibi tí mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ará òkè òkun ń wá lójú méjèèjì báyìí, àwọn ìyá wa ní agbègbè Afijió àti Ọ̀yọ́ ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwa la sì jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òkè òkun náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó fi máa di 1971, àwọn ilé ìpọntí ńláńlá ti gbé ọ̀pọ̀ kéékèèké mì, bíà ìlú kan sì ti ń jọ ti ìlú kejì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan ló dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ lọ́dún náà láti jà fún bíà tó ṣì ń hó nínú àgbá rẹ̀ títí wọ́n fi ń bù ú fún oníbàárà. Ti Amẹ́ríkà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀wádún 1970 ń parí lọ, gbogbo ilé ìpọntí tó kù ní orílẹ̀-èdè ńlá yẹn kò tó ọgọ́rùn-ún. Ní 1976, Jack McAuliffe ṣa àlòkù irin jọ, ó sì fi dá ilé ìpọntí kékeré kan tó ń jẹ́ New Albion sílẹ̀ ní Sonoma, ní California. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ tó fi kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó ṣe tẹ̀ lé e. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fún ará ilé láyè láti pọn bíà tirẹ̀ láìsan owó orí. Lónìí, ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀ ju 9,000 lọ, àwọn kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọtí táwọn wọ̀nyí ń ṣe ni mo ń pè ní bíà àfọwọ́pọn: ìkòkò kékeré, ẹni tó pọn ọ́n wà nítòsí, adùn rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ìgbì náà ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Bature Brewery ń pọn irú rẹ̀ ní Àbújá, ó sì ti dé Victoria Island l'Ékòó. Wọ́n ní bíà dúdú kan tí wọ́n ń fi kọfí sí. Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, tọkọtaya Adedipe dá Eko Brewery sílẹ̀ ní 2018, wọ́n sì ń wá adùn ilẹ̀ Áfíríkà sínú bíà wọn. Àwọn tó ń ṣe ọtí Pedro's náà gbé ògógóró, tí ìjọba amúnisìn fòfin dè tí wọ́n sì ń fi ọlọ́pàá lé kiri nígbà kan, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dì í sínú ìgò tó rẹwà, ó sì ń jókòó lórí tábìlì àwọn olówó báyìí. Mo gbóríyìn fún gbogbo wọn, torí ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọtí kékeré láàárín àwọn òmìrán mẹ́ta yìí ní ìgboyà. Àmọ́ onímu Jọbẹlẹ kò lè lọ sí Victoria Island nítorí ife bíà kan, owó bíà náà kò sì jọ owó tí èèyàn fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ọkà bálì àti òdòdó hops tó ń fún irú bíà bẹ́ẹ̀ ní ìkorò kì í hù lẹ́yìnkùlé wa, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn dé. Bí náírà bá já, ife náà yóò gbówó lórí. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wa wà.

Pípọn bíà inú ìgò nílẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó bí a ti rò. Ní 1946 ni UAC àti Heineken jọ dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀. Oṣù kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní Ìkẹjà ní 1962. Ní Iléṣà, Olóyè Lawrence Omole ló gbé International Breweries dìde, Trophy sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn náà, ní ìparí 1978. Nigerian Breweries dé Ìbàdàn ní 1982. Àwọn àgbàlagbà tó dáyé ṣáájú ìgò Star àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè láàárín wa.

Lẹ́yìn náà ni 1988 dé, ọdún tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọtí ìbílẹ̀ rántí. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó bálì wọlé. Àwọn ilé ìpọntí ńlá wá ọ̀nà gbà, wọn ò rí. Ó di dandan kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn onímọ̀ ní FIIRO, ilé ìwádìí tó wà ní Òṣòdì, ti wà lórí iṣẹ́ pípọn bíà láti inú ọkà bàbà ṣáájú. Àwọn tó ń tọrọ Star àti Gulder nígbà náà kò mọ̀ pé ọkà tí ìyá àgbà ń fi pọntí ni wọ́n ń mu. Nígbà tí ìjọba tún gba bálì láyè, ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tiwa, kì í ṣe bíà, n ó bi í pé kí ni bíà. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1516, pé bálì, hops àti omi nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú bíà. Bí a bá fi òfin yẹn dá ẹjọ́, ọ̀pọ̀ ọtí inú kéèsì wa pẹ̀lú kò ní yege. Ọkà tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sè, tí wọ́n sì jẹ́ kó hó, bíà ni. Ìyá tó pọn ọ́n ní ìkòkò amọ̀ àti òyìnbó tó pọn ọ́n ní àgbá irin, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó sìn ní Ọ̀yọ́ tó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ obìnrin ni pípọn ọtí ọkà bàbà àti ti àgbàdo, pé wọ́n sì ń ya ibi kan sọ́tọ̀ fún un nínú agboolé tàbí nítòsí rẹ̀ kí iná má baà ran ilé. Ọ̀yọ́ tó ń sọ yẹn kò jìnnà sí Jọbẹlẹ rárá. Ẹ má jẹ́ kí n yára kọjá lórí bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dínkù.

Iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ni ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan. Àgbàdo tó gbó, tí kòkòrò kò jẹ, tí wọn kò sì fi oògùn kòkòrò pamọ́, ni wọ́n ń wá. Èyí tó bá ti fọ́ kò ní hù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á ṣẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da àgbàdo lé e, wọ́n á tún fewé bò ó. Láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń wọ́n omi sí i. Tó bá di ọjọ́ kẹta, orí funfun ti yọ. Tó bá tó bí ọjọ́ karùn-ún, èèhù náà ti gùn dáadáa, ó tó sá. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, ọtí á ní ìkorò. Bí wọn kò bá jẹ́ kó hù tó, kò ní dùn. Inú híhù yẹn ni adùn ti ń wá. Hóró tó bá fẹ́ di igi àgbàdo a máa sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà láti fi bọ́ èèhù; apọntí á wá fi oòrùn dá a dúró, á gba ṣúgà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé rí mọ ọjọ́ tó yẹ láti dá a dúró nípa títọ́ hóró kan wò lẹ́nu.

Tó bá gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, àmọ́ wọn kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á gbé e kaná láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí. Òórùn rẹ̀ a máa gba àdúgbò, bí àgbàdo sísun tí wọ́n da oyin sí. Wọ́n á sẹ́ ẹ, á tutù, wọ́n á dà á sínú ìkòkò tí wọ́n ti fi ń pọntí tẹ́lẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò yìí ni ìwúkàrà wọn, òun ló ń mú ọtí tuntun hó. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ lè bu díẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ọtí náà pọ́n rúsúrúsú, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, adùn ti ń lọ, ìkan ti gbòde, agbára rẹ̀ sì ti tó kí èèyàn jókòó mu ún ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò nílò iná mànàmáná. Ìkòkò amọ̀ ní abẹ́ ìbòòji tó fún un.

Ìkan yẹn làwọn kan fi ń sọ pé ọtí tó ti bàjẹ́ ni. Ní agbègbè Brussels, ní Bẹ́ljíọ́mù, wọ́n ń pọn bíà kan tó ń jẹ́ lambic. Wọ́n á ṣí omi ọkà náà sílẹ̀ lóru kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ bà lé e, á sì kan gan-an. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá tọ́ ọ wò.

Kí ló wá lé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ? Ẹ̀sìn wà níbẹ̀: Mùsùlùmí kì í mutí, àwọn Onítẹ̀bọmi tó gbilẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Awẹ́ àti Ìlọrà náà kọ̀ ọ́ fún ọmọ ìjọ wọn. Igi ìdáná wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin tí ìbá bá ìyá wọn wọ́n omi sí àgbàdo wà nílé ìwé, inú mi sì dùn pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òde àríyá ló pa á jù. Nígbà tí kíka iye kéèsì tí ẹnìkan gbé wá sí ìnáwó di ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó rí ṣe, kò sí ẹni tó tún fẹ́ kí wọ́n rí ìkòkò lábẹ́ àgọ́ òun. Kódà níbi ìsọmọlórúkọ, níbi tí a ti ń fi ọtí ṣàdúrà pé ayé ọmọ kò ní tí, sìnáàpù, irú ọtí tó kọ́kọ́ ti Họ́láǹdì wá, la ń gbé sílẹ̀.

Ẹmu kò kú ní tirẹ̀. Kì í ṣe bíà, omi ara ọ̀pẹ ni, ọkà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọtí tó wà lẹ́yìn ọtí inú kéèsì, òun ni onímu Afijió lè rí lónìí láìwá a jìnnà, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n rà. Adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí òdòdó ti ń yọ ló ń dá, tó sì ń gbé akèrègbè sí. Ìwúkàrà ti wà nínú akèrègbè àti nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹmu ti ń hó kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ti àárọ̀ kùtù dùn, ọtí inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu. Tó bá fi di alẹ́, ó lè tó 4% tàbí 5%, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Star ní agbára mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń di ọtí kíkan.

Ohun tó ń ba ẹmu jẹ́ ni àbùlà. Àwọn tó ń tà á lọ́nà jíjìn ń bomi là á, wọ́n sì ń fi saccharin dá adùn rẹ̀ padà. Ẹ wo ìfófòó rẹ̀: ti ojúlówó a máa pọ̀, kì í sì í tètè lọ. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí adùn kan bá kù lẹ́yìn ahọ́n tó ń korò, saccharin ni. Ẹmu gidi kì í fi ìkorò sílẹ̀ lẹ́nu, ìkan ló ń fi sílẹ̀. Bí kòkòrò oyin bá wà lójú rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kò sí ewu. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ra ti àárọ̀ lọ́wọ́ adẹ́mu fúnra rẹ̀, kí ẹ mu ún kí ilẹ̀ tó ṣú.

FIIRO ti ń di ẹmu sínú ìgò láti ọjọ́ pípẹ́. Iná ni wọ́n fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má baà kan mọ́. Ó ń pẹ́ nílẹ̀ lóòótọ́, ó sì wúlò fún ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè, àmọ́ ohun tí iná pa nínú rẹ̀ gan-an ni ẹmu. Nítorí èyí ni òmìrán kankan kò fi tíì rí ẹmu gbà lọ́wọ́ adẹ́mu. Àwọn ẹgbẹ́ Kẹ́gáìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962 nígbà tó ṣì wà ní Ìbàdàn, tún gbé e wọ àárín àwọn ọ̀mọ̀wé, kò fi di ohun ìtìjú bíi ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bùrùkútù, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà àti gàrí pọn, ti Àríwá àti àárín gbùngbùn Nàìjíríà ni. Ó nípọn, ó ń yó èèyàn bí oúnjẹ. Àgàdàgídí, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ṣe, dára fún ẹni tó fẹ́ràn ohun dídùn. Èyí tó yẹ ká kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ ni tchoukoutou ti àríwá Benin. Obìnrin ló ń pọn ọ́n láti inú ọkà bàbà, wọ́n ń bù ú nínú igbá lọ́jà ní Parakou àti Natitingou, ọ̀dọ́ àti àgbà sì ń jókòó tì í láìtijú. Pito náà wà láàyè bẹ́ẹ̀ ní àríwá Gánà. Bíà inú ìgò dé ọ̀dọ̀ àwọn náà, kò lé tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ewu gbọ́dọ̀ wọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ìjọba sì fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Àwọn kan ti ìdí èyí sọ pé ikú ni gbogbo ọtí ìbílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí tí wọ́n sè gba inú páìpù, tí wọ́n sì lú, ló pa wọ́n. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ẹmu kì í gba inú páìpù. Ewu tiwọn ni omi àìmọ́, igbá àìfọ̀, àti àgbàdo tó ti bu. Ebu yẹn ló ń mú májèlé aflatoxin jáde, sísè kì í sì í pa á. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kan náà tó gba Jọbẹlẹ kọjá, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko láti dènà rẹ̀. Ìmọ̀ náà wà nítòsí ẹni tó bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó mọ́. Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí àìlera kò bá gbà láyè, kó má mu ún; ẹni tó sì fẹ́ wakọ̀ gba títì yẹn, kó má fẹnu kan ọtí kankan, yálà ti ìgò tàbí ti igbá.

Nínú àwọn ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi fà sí Fìdítì jù. Lásìkò ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń jẹrà lẹ́bàá títì torí oníbàárà kò tó o rà. Ní Mẹ́síkò, awọ ọ̀pẹ̀yìnbó lásán ni wọ́n ń rẹ sómi pẹ̀lú ṣúgà, tó ń hó láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì ń di tepache tí wọ́n ń tà káàkiri ìgboro. Ọmọ Fìdítì tó bá da ọ̀pẹ̀yìnbó pọ̀ mọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò ní ọtí tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní California. Kò nílò bálì, kò nílò hops. Bó bá fẹ́ dì í sínú ìgò, kó gba nọ́ńbà NAFDAC. Bó bá fẹ́ máa bù ú fún oníbàárà láti inú ìkòkò, kó jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò, ẹmu ni mo fi sípò kìíní fún ẹni tó fẹ́ mu ọtí mìíràn lónìí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mo sì fi sípò kìíní fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ní Jọbẹlẹ, Ìlọrà, Awẹ́ tàbí Akínmọ̀ọ́rín bá ṣì mọ̀ ọ́n pọn, ẹ lọ bá wọn nígbà tí àgbàdo bá gbẹ lọ́dún yìí. Ẹ ra àgbàdo fún wọn, ẹ bá wọn ṣẹ́gi, ẹ jẹ́ kí wọ́n pọn ìkòkò kan lójú yín, kí ẹ kọ iye omi, iye ọjọ́ àti ìṣọwọ́-dáná wọn sílẹ̀. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò náà fún yín.